Ife Amọ̀ Tí Mo Fi Ránṣẹ́ Sí Baba Mi

Baba mi, ẹ kú ilé o, ẹ kú oko. Mo dọ̀bálẹ̀ láti Àbíjàn. Mo kí ìyá mi tó ń mọ ìkòkò, mo kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin àti gbogbo ará Ìsúndúnrìn. Aládùúgbò mi ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, nítorí oko lẹ mú mi lọ, kì í ṣe iléèwé. Mo ní kó kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́ gan-an.

Èrò tó ti Èjìgbò dé ti jẹ́ iṣẹ́ yín. Ó ní orúnkún yín kò gba ebè kíkọ mọ́, pé kí n kó ṣọ́ọ̀bù aṣọ mi wálé. Baba, kò sí ṣọ́ọ̀bù. Èrò náà bá mi pẹ̀lú amọ̀ dé ìgbọ̀nwọ́, ó ní ṣé léèsì tuntun tí mò ń tà nìyí? Ife ni mò ń mọ, èyí tó ní ọwọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí wọ́n fi ń mu kọfí níbí.

Ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ bá mi nídìí amọ̀ ìyá mi, tí ẹ ní iṣẹ́ obìnrin ni. Ẹ pe àwọn ọ̀rẹ́ yín, ẹ ní kí wọ́n wá wo ìyàwó tuntun, ìró ló kù tí ẹ ó rà fún un. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Orí kunkun yín ni mo jogún. Mo búra pé ẹ kò ní rí mi nídìí amọ̀ mọ́. Ìdí tí mo fi parọ́ aṣọ nìyẹn.

Ìyá mi a máa fẹ̀yìn rìn yí ìkòkò ká. Èmi jókòó, mò ń fi ẹsẹ̀ ti òkúta róbótó kan, amọ̀ orí rẹ̀ a sì máa yí níwájú mi. Ẹsẹ̀ mi a rìn láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, n kò ní kúrò lójú kan. Tí òjò bá ń rọ̀ lójoojúmọ́, ife kì í gbẹ, ògiri nìkan ni mò ń wò. Ọkàn mi kò sí níbí mọ́, ìtìjú kò sì jẹ́ kí n wálé.

Mo fi ife kan rán èrò náà. Ẹ yẹ ìdí rẹ̀ wò, àmì àtàǹpàkò mi wà níbẹ̀. Bí ẹ bá lè fi mu ẹ̀kọ gbígbóná, ẹ jẹ́ kó wà nílé. N óò wá kọ ebè yín, n óò sì gbé òkúta tèmi kalẹ̀ lẹ́yìnkùlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ amọ̀ ìyá mi. Bí ẹ bá kọ̀ ọ́, ẹ má fọ́ ọ, ẹ dá a padà. Ọjọ́ tí èrò náà bá padà dé ọ̀dọ̀ mi, ọwọ́ rẹ̀ ni n óò kọ́kọ́ wò.

Ọlọ́run á fún orúnkún yín lágbára, á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà ilé wa.

Èmi ni ọmọ yín, Rájí. Àtàǹpàkò kan náà ni mo tẹ̀ síbí.