Méje Tó Wà Nínú Kakulétọ̀ Mi

Samaru, Ọjọ́bọ̀, 18 oṣù Kẹta, 2004

Délé tá a jọ ń gbé yàrá dá kakulétọ̀ mi padà nírọ̀lẹ́ yìí. Ó ní gíráàfù lòun fi yà. Ó ti pa gbogbo ohun tó wà lójú rẹ̀ rẹ́.

Ojú rẹ̀ nìkan ló pa rẹ́. Mo wo ibi tó ń tọ́jú mátíríìsì, ìyẹn àwọn nọ́ńbà tá a tò ní ìlà-ìlà, sí, mo bá ọ̀kan tí n kò tẹ̀ síbẹ̀. Ìbéèrè kẹrin nínú iṣẹ́ tá a máa fún olùkọ́ lọ́la ni, ṣùgbọ́n 7 ló bẹ̀rẹ̀ ìlà kejì. 1 ni olùkọ́ kọ sí pátákó. Èmi ni mo ṣì í kọ, inú ìwé mi nìkan ni 7 yẹn sì wà.

Tàbí òun náà ṣì í kọ? Iwájú pátákó ló máa ń jókòó. Bẹ́ẹ̀ ló dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì mi lánàá nígbà tí mo lọ pọn omi, ìwé mi wà lábẹ́ ìrọ̀rí.

Mo bi í bóyá ó ti ṣe iṣẹ́ náà.

"Tipẹ́tipẹ́. Ba matsala, kò sí wàhálà, ìdáhùn wa á bára mu."

Ta ló sọ fún un?

Mo ti sọ 7 mi di 1, mo sì tún ìṣirò náà ṣe látòkè délẹ̀. N kò sọ fún un.