Ọjọ́ Tí Wọ́n Gbé Mi Nítorí Ọrọ̀ Tí N Kò Ní

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Ìjẹ̀bú-Òde níbí. Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n mi Adìó àti ìyàwó wọn. Mo ní kí ìwé ìròyìn tẹ lẹ́tà yìí, kí àwọn tí mo parọ́ fún náà lè kà á.

Òjò ibí kì í dá bọ̀rọ̀. Màdámù tí mò ń bá tọ́jú ilé ń gbé ìlú òyìnbó, èmi nìkan ni mo wà nínú ilé ńlá náà. Nígbà tó sú mi, mo wọ léèsì wọn, mo wa ọkọ̀ wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn obìnrin olówó ibẹ̀ bi mí bóyá ọmọ Màdámù ni mí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Bí mo ṣe di ẹgbẹ́ wọn nìyẹn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi kan, lójú ọ̀nà Ayépé, ọkọ̀ kan dábùú mi. Ọkùnrin mẹ́ta fi ìdí ìbọn fọ́ gíláàsì, wọ́n fi irun wọ́ mi jáde, ó di inú oko obì. Ọ̀gá wọn ní kí n pe bàbá mi olówó. Mo ní ọmọ ọ̀dọ̀ lásán ni mí. Ó gbá mi lẹ́nu, eyín méjì bọ́. Mo tún un wí. Wọ́n la igi mọ́ mi títí apá òsì mi fi kán. Etí mi ni mo fi gbọ́ bó ṣe dún.

Ìgbà náà ni ọ̀kan nínú wọn fa ọwọ́ mi ọ̀tún, ó wo àpá tí ọ̀bẹ dá síbẹ̀ nígbà tí èmi àti ẹ̀yin jọ ń bẹ iṣu ẹ̀lùbọ́ nílé.

Ó ní, "Ọ̀gá, bí ọwọ́ ìyá mi ṣe rí rèé. Kò parọ́."

Inú bí ọ̀gá. Ó ta mí nípàá níhà títí n kò fi mọ nǹkan kan mọ́. Wọ́n gbé ọkọ̀ Màdámù lọ.

Àgbẹ̀ kan ló gbé mi dé ilé ìwòsàn. Màdámù pè láti ìlú òyìnbó, wọ́n ní kí n kó jáde nílé wọn; wọn ò sì ṣìkà, ẹ̀bi mi ni. Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì yí bẹ́ẹ̀dì mi ká nígbà tí nọ́ọ̀sì bi mí ẹni tí wọn yóò pè. Mo dárúkọ yín, mo ní ìyá mi ni. Gbogbo wọn wo ara wọn, nítorí mo ti sọ fún wọn pé ẹ ti kú, pé Màdámù ló gbà mí ṣọmọ.

Ẹ foríjì mí. Bí apá mi bá san, mò ń bọ̀ wá dọ̀bálẹ̀ síwájú yín bí ọkùnrin. Kí Elédùmarè fi ẹ̀mí gígùn ta yín lọ́rẹ. Ẹ kí gbogbo agboolé.

Èmi ọmọ yín,
Àbẹ̀kẹ́.