Owó Orí Tí Màmá Ti Dúpẹ́ Rẹ̀ Kí Ó Tó Dé

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo mọ̀ pé ọdún mẹ́rin kì í ṣe ọjọ́ mẹ́ta, ṣùgbọ́n ẹ bá mi gbà á bẹ́ẹ̀. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà. Ilé yín ò jò, ọsàn ẹ̀yìnkùlé sì so lọ́dún yìí débi pé à ń bẹ àwọn èèyàn kí wọ́n wá ká a. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọsàn ni mo fẹ́ sọ. Ìjọba dá owó padà fún mi, Bàbá. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé ọwọ́ ìjọba gbígbà ló mọ̀, kò mọ fífún, ó wù mí kí n rí ojú yín báyìí.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Nígbà tí wọ́n gbé mi kúrò nílé ìwé tí mo ti ń kọ́ni ní Ọ̀sì wá sí Ararọ̀mí-Ọ̀pin, orúkọ mi wà nínú ìwé méjì: ti ibi tí mo ti kúrò àti ti ibi tí mo dé. Ni owó orí bá ń jáde lẹ́ẹ̀mejì nínú owó oṣù kan ṣoṣo. Oṣù mẹ́rìnlá gbáko kí n tó rí i! Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, oṣù kìíní lẹ máa rí i. Ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń ka ìwé owó oṣù yín nígbà tí ẹ ṣì ń ṣe olùkọ́? Ẹ ó gbé rúlà sábẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan, ẹ ó máa fà á sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ títí ẹ ó fi dé ìsàlẹ̀. Èmi àti Táyọ̀ àbúrò mi a máa fi yín rẹ́rìn-ín nínú yàrá. Mo ti jìyà ẹ̀rín yẹn báyìí.

Mo kọ lẹ́tà, mo so gbogbo ìwé owó oṣù mọ́ ọn, mo fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń gba owó orí. Kò pẹ́ ni èsì dé. Wọ́n ní òótọ́ ni, owó mi wà níbẹ̀, wọn yóò san án tààrà sínú àkáǹtì mi ní báńkì. Kí n ṣáà máa retí aláàtì lórí fóònù. Mi ò ní lọ tò síbì kankan, mi ò ní bẹ ẹnikẹ́ni. Mo kọrin wọlé lọ́jọ́ náà.

Ẹ ò mọ ìdí tí mo fi kọrin tó bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí ẹ ti wà lórí ibùsùn àìsàn ni ojú Màmá ti ń ṣú, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ẹ mọ̀. Ó ń fọwọ́ wá ife kó tó fún yín lóògùn, ẹ sì rò pé oorun ló ń kùn ún. Nígbà tó yá, nǹkan funfun bo ẹyinjú méjèèjì. Dókítà ní Ìlọrin sọ pé iṣẹ́ abẹ ni yóò mú un kúrò, ṣùgbọ́n kí a má jẹ́ kó pẹ́, torí tọ̀tún ti fẹ́ẹ̀ lọ tán. Mo ní kí n yá owó ní kọ́petífù àwa olùkọ́. Màmá kọ̀ jálẹ̀. Gbèsè tí a jẹ nígbà àìsàn yín, ọdún méjì la fi san án. Ó ní òun ò ní fi ojú tí wọ́n fi gbèsè là wo ayé. Ọmọ mẹ́ta tí mo sì ní nílé ìwé ò jẹ́ kí owó oṣù mi dúró sójú kan. Nítorí náà, owó orí yìí ni ojú Màmá. Tí ó bá dé, yóò ríran. Tí ò bá tètè dé, ẹ̀rù rẹ̀ ò ṣeé fẹnu sọ.

Mo sọ ọ́ fún un lọ́jọ́ Ẹtì, níbi tó ti ń fọwọ́ pa ẹ̀gúsí bó ṣe máa ń ṣe. Àṣìṣe tèmi nìyẹn. Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e ni ìkórè ìjọ wa.

Ẹ mọ bí ìkórè wa ṣe rí. Wọ́n ń pe ìdílé kọ̀ọ̀kan síwájú pẹ̀lú iṣu àti adìẹ wọn. Nígbà tí wọ́n pe tiwa, mo di Màmá lọ́wọ́ mú, a jó dé iwájú. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó ti gba máìkì. Ó ní kí ìjọ bá òun yin Ọlọ́run, ìjọba ti dá owó ọmọ òun padà! Bàbá, kò fi "máa" sí i. Mo ń tọ́ ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Àwọn èèyàn hó yèè. Ó yọ abo adìẹ dúdú tó ti ń sìn láti ọjọ́ pípẹ́ sílẹ̀ fún Ọlọ́run, ó tún ní kí wọ́n gbé iṣu mẹ́ta tó kù nílé wá. Lójú ọ̀nà ilé, ó sọ fún mi pé ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni.

Níbi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, torí nílé wa, bí o bá ti dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìlú gbọ́dọ̀ wá bá ọ yọ̀. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, pálọ̀ yín ti kún. Ìyá Bọ́lá, ọ̀rẹ́ Màmá tó wà lódìkejì títì, gbé àga wá látilé. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n jẹ iyán, wọ́n gbọ́n ọbẹ̀ gbẹ. Owó tí ò tíì dé ti jẹ owó tó wà nílẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn ni gbogbo Ìsólò, ìlú wa, ti ń bá mi dúró de aláàtì. Tí mo bá jáde láàárọ̀, ìkíni ò ní tíì parí tí wọ́n á fi fi èdè ìlú wa bi mí léèrè owó náà: "Ṣé eó ti dé?" Ọlọ́kadà tó ń gbé mi lọ sí Ararọ̀mí a bi mí ní àlọ, a tún bi mí ní àbọ̀, bí ẹni pé ìjọba gbé e gba inú oko kọjá nígbà tí mo wà ní kíláàsì. Gbogbo ìgbà tí fóònù bá dún, ọkàn mi a fò sókè. Ìpolówó ni. Ìpolówó ni lẹ́ẹ̀kan sí i. Lọ́jọ́ kan, báńkì gan-an ló kọ̀wé, Màmá sì ní kí n kà á sókè kíá. Wọ́n kí mi kú ọjọ́ ìbí. Màmá bi mí pé èló ni wọ́n fi sí i.

Mo rò yín nígbà náà, Bàbá. Kí lẹ ò bá ti ṣe? Ẹ̀yin tí ẹ ò lè dúró kí ọkọ̀ kún! Mo rántí gáréèjì Ọ̀sì, tí ó bá ti ku èrò méjì, ẹ ó gbé báàgì sórí, ẹ ó ní kí èmi àti Táyọ̀ ká lọ. A ó máa rìn nínú oòrùn, ọkọ̀ kan náà yóò wá bá wa lọ́nà, a ó wọ̀ ọ́, awakọ̀ á sì gba owó rẹ̀ pé pérépéré. Ẹ ò sì kábàámọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Màmá ní ọjọ́ ìgbéyàwó yín, ẹ ti dé ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Bóyá ẹ ò bá ti fẹsẹ̀ rìn lọ bá owó náà nínú kọ̀ǹpútà.

Oṣù méjì kọjá. Ẹnu àwọn èèyàn wá ń yí padà. Wọ́n ò bi mí mọ́, wọ́n kàn ń wò mí, èyí sì burú ju ìbéèrè lọ. Màmá ò lọ sí ìpàdé àwọn ìyá ní Ọjọ́rú kan, ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Ọjọ́rú kejì, ẹsẹ̀ ṣì ń dùn ún. Mo bá a lórí ibùsùn, ó kọjú sí ògiri. "Mo ti parọ́ nínú ulé Ọlọ́un," ló sọ fún mi, ohùn rẹ̀ kéré bíi tọmọdé. Ó dùn mí wọra. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo gba fọ́ọ̀mù kọ́petífù láìjẹ́ kó mọ̀. Mo kọ gbogbo rẹ̀ tán, ó ku ìfọwọ́sí. Ṣé ẹ ò bá fọwọ́ sí i, Bàbá, tó bá jẹ́ ẹ̀yin? Ṣé kí n gba ojú rẹ̀ là ni, àbí kí n tẹ̀lé ọ̀rọ̀ rẹ̀? Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gbé fọ́ọ̀mù náà kiri nínú báàgì.

Ọjọ́ Ẹtì, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò nígbà tí fóònù gbọ̀n. Mi ò wo ibẹ̀, ìpolówó ti sú mi. Ẹ̀yìn ọ̀kadà ni mo wà nígbà tí mo wá wò ó, kí n lè pa á rẹ́. Mo pariwo. Ọlọ́kadà rò pé mo ń ṣubú, ó tẹ bíréèkì, àwa méjèèjì fẹ́ẹ̀ wọ inú oko gbágùúdá. Ó wẹ̀yìn wò mí. "Eó ti dé?" Ó ti dé! Gbogbo rẹ̀ ni, kò dín, kò lé. Ọkùnrin náà tẹ fèrè láti ibẹ̀ dé iwájú ilé wa, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba.

Mo rò pé Màmá máa sunkún. Rárá o. Ó jókòó dáadáa, ó tún gèlè wé, ó ní kí n lọ pe Ìyá Bọ́lá wá. Ó sọ fún un pé ṣebí òun ti wí, àwọn tí ò nígbàgbọ́ nìkan ni nǹkan ń pẹ́ lójú wọn. Ẹsẹ̀ tó ń dùn ún sì san lójú ẹsẹ̀. Èmi ya fọ́ọ̀mù sí wẹ́wẹ́ lẹ́yìn ilé.

Táyọ̀ wá láti Ìbàdàn, a gbé e lọ sí Ìlọrin. Wọ́n ṣe ojú ọ̀tún, wọ́n tún ṣe tòsì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí bándéèjì ìkẹyìn, ó wò mí títí, mo ń retí ọ̀rọ̀ ìfẹ́. Ó bi mí pé ìgbà wo ni mo sanra tó báyìí. A rẹ́rìn-ín dé inú ọkọ̀.

Táyọ̀ padà sí Ìbàdàn, èmi àti Màmá sì dé Ìsólò lánàá. Kò tíì wọlé tó fi kọrí sí ẹ̀yìnkùlé, síbi tí ẹ sùn sí. Mo fẹ́ dì í lọ́wọ́ mú, ó gbọn ọwọ́ mi dànù. Kò tíì ka ohun tí a kọ sára sàréè yín rí, torí ojú rẹ̀ ti lọ kí àwọn bíríkìlà tó parí iṣẹ́. Ó tẹ̀ ba, ó ń fi ìka tẹ̀lé e. Ó ka orúkọ yín. Ó ka Olùkọ́. Ó ka Bàbá Rere. Ó wá dé ibi tí Táyọ̀ ní kí wọ́n kọ Onísùúrù sí. Ó dúró, ó tún un kà. Ni ó bá bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí sàréè náà. "Onísùúrù kẹ̀? Ẹ̀yin ọmọ yìí!" Ó ní kí n fi ẹni tó pa irú irọ́ báyìí mọ́ ọkọ òun han òun. Mo nawọ́ sí ọ̀nà Ìbàdàn.

Nígbà tí ẹ̀rín tán, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu eruku kúrò lójú ọ̀rọ̀ náà. "Ó dáa," ló wí, "ó ti wá ní in báyìí. Kò síbi tó tún ń sáré lọ. Ó jókòó, ó ń retí mi."

Bàbá, ìdí tí mo fi kọ lẹ́tà yìí nìyẹn. Ojú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ là ni. Ó fẹ́ ka Bíbélì rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó fẹ́ rí bí àwọn ọmọ mi ṣe ń dàgbà, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo eruku tó wà nínú ilé mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é. Ọ̀rọ̀ tí Táyọ̀ kọ yẹn ti wà lára sàréè, a ò lè pa á rẹ́ mọ́. Ẹ bá wa sọ ọ́ di òótọ́.

Ọmọ yín obìnrin, tí ó fẹ́ràn yín títí dòní,
láti ilé yín ní Ìsólò-Ọ̀pin.