Ọkọ̀ Méjì Tí O Ní Kí N Bá Ọ Gbàdúrà Sí

Abúlé Onígbà,
Lọ́nà Ìsẹ́yìn.
Ọjọ́ Àìkú, 12 oṣù kẹsàn-án, 1999.

Luqman Àlàó, ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara Mutmainah ìyàwó rẹ le, tòun ti oyún inú rẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ń lọ sí ilé kéwú bí wọ́n ṣe ń lọ sí ilé ìwé? Ọlọ́run Ọba tó jẹ́ kí ilẹ̀ òní mọ́ bá wa yóò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ mọ́ bá wa sí i. Ibi tí o bá fẹsẹ̀ tẹ̀ ní Ìbàdàn, ilẹ̀ ò ní yọ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Níbi iṣẹ́ tí ò ń ṣe ní Dùgbẹ̀ yẹn, ọ̀gá rẹ ò ní fojú burúkú wò ọ́. Àmín. Bí o bá ń béèrè wa, a wà, a dúpẹ́. Òjò rọ̀ dáadáa, iṣu ta, ewúrẹ́ dúdú bí ìbejì, ẹsẹ̀ tó ń dùn mí náà ti rọlẹ̀ díẹ̀. Ojú ìyá rẹ nìkan ni kò rọlẹ̀.

Kí n má purọ́ fún ọ, funfun tí o rí nínú ojú rẹ̀ nígbà tí o wá kí wa lẹ́yìn ààwẹ̀ ti bo ojú ọ̀tún tán, ó sì ti dé ti òsì. Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn kékeré wa tún sọ fún wa lọ́sẹ̀ tó kọjá pé ilé ìwòsàn ojú ní Ìbàdàn ni kí a gbé e lọ, pé wọn á bá a yọ ọ́, àmọ́ kí a má fi falẹ̀ mọ́. Mo ní kí ìyá rẹ fọkàn balẹ̀, mo ní ṣebí Luqman ti ní kó má gun ọkọ̀ ẹlẹ́rù kankan, pé òun ń bọ̀ wá fi ọkọ̀ tuntun gbé e kó tó di Iléyá. Ó bi mí pé Iléyá wo. Mo ní èyí tó kọjá.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, àti àwòrán ọkọ̀ méjèèjì. O ní ọkàn rẹ ló pín sí méjì tí o kò fi tíì rà á, pé kí n bá ọ fi ọ̀rọ̀ náà sí àdúrà. Àlàó, èmi kì í fi ọ̀rọ̀ ọmọ mi ṣeré. Mo gbàdúrà náà fún ọjọ́ méje gbáko, n kò lálàá kankan, àfi ọjọ́ kẹfà tí mo lálàá pé mò ń jẹ ẹ̀wà. N kò sì mọ èyí tí ẹ̀wà dúró fún nínú méjèèjì. Ni mo bá ní kí n kúkú fi ọgbọ́n orí bá ọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ká mú èyí àkọ́kọ́, ọkọ̀ Jámánì tó ń mu dísẹ́ẹ̀lì, tí o rí lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ọkọ̀ ní Challenge. Ó dára o, ó ń dán bí orí Baálẹ̀ wa. Ọmọ́níyì, awakọ̀ tó ń kó iṣu wa lọ sí ọjà Bódìjà, wo àwòrán náà títí, ó ní dísẹ́ẹ̀lì kì í tètè kú, pé òun ni ọkọ̀ akẹ́rù tòun náà ń mu, èéfín rẹ̀ kàn pọ̀ ni. Tíṣà Oyèbọ́lá tó ka gẹ̀ẹ́sì inú ìwé tí o fi pẹ̀lú àwòrán náà fún wa ní awọ ni wọ́n fi ṣe àga rẹ̀. Jọ̀ọ́, bi wọ́n dáadáa, awọ ẹran wo? Ìyá rẹ kò lè jókòó lórí awọ ẹlẹ́dẹ̀ láti ibí dé Ìbàdàn, kó tún wá bọ́ sílẹ̀ kó kírun. Fọ́ọ̀mù kan wà láàárín ìwé náà, wọ́n ní kí oníbàárà kọ ọ́, mo ti bá ọ kọ ọ́. Níbi tí wọ́n ti béèrè iye èrò, mo kọ mẹ́tàdínlógún, n kò tíì ka àwọn ẹbí wa tó wà ní Ṣakí mọ́ ọn. Níbi tí wọ́n ti béèrè àwọ̀, mo kọ pé o pupa bíi ti ìyá rẹ.

Èkejì wá ni èyí tí ọ̀rẹ́ rẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ láti Jàpáànì. O ní ẹ̀rọ méjì ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan ń mu bẹntiróò, ọ̀kan ń lo iná bátìrì, pé wọ́n jọ ń ran ara wọn lọ́wọ́, pé o kò ní máa tò ní ilé epo ní Ring Road láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ mọ́. Háà, Àlàó! Ta ló sọ fún ọ pé méjì ń ran ara wọn lọ́wọ́? Ó di ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí mo ti ní ìyàwó méjì, ohun tí ojú mi rí ni mò ń sọ. Èwo ni ìyálé nínú wọn? Ta ló ni ọjọ́? Bí ẹ bá dé òkè Mọ́kọ́lá tí ti bátìrì bá ní ti bẹntiróò ló kàn láti fà á, tí ti bẹntiróò náà ní òun ló fà á lánàá, kí ni o fẹ́ ṣe? Ìwọ á jókòó sáàárín wọn, ọkọ̀ á máa yí padà sẹ́yìn. Oúnjẹ wọn ò tún papọ̀. Ilé tí wọ́n bá ti ń dáná lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, baálé ibẹ̀ kì í yó.

Ti bátìrì yẹn kò le. Bó bá ti rẹ̀ ẹ́, kí o yọ wọ́n, kí o sá wọn sórí páànù láti àárọ̀ di ọ̀sán, bí mo ṣe máa ń ṣe ti rédíò mi. Kí o yí wọn padà lẹ́ẹ̀kan kí oòrùn lè ràn wọ́n nídìí. Àmọ́ má jẹ́ kí Mutmainah gun orí páànù tòun ti oyún.

Ohun tó bà mí lẹ́rù jù ni bí o ṣe ní nígbà mìíràn kì í dún rárá tí yóò sì máa lọ. Ọkọ̀ tí kò dún, báwo ni ewúrẹ́ ṣe fẹ́ mọ̀ pé kí òun yà? Bí o bá gbé e wọ abúlé, àwọn ará ibí á ní wọ́n tì í wọlé ni. Ìyá rẹ pàápàá, etí ló fi ń ríran báyìí. Ọkọ̀ èyíkéyìí tó bá ti dún lójú títì, á gbé orí sókè, á bi mí bóyá ìwọ ni. Màá ní kì í ṣe ìwọ. Á ní kò burú.

Níbi tí mo kọ lẹ́tà dé yìí, mo kà á sókè kí n lè gbọ́ bó ṣe ń lọ, Àbẹ̀ḿbí ìyàwó mi kékeré sì gbọ́ ọ láti ilé ìdáná. Ó jáde tòun ti ṣíbí ìrọbẹ̀ lọ́wọ́. Ó bi mí pé ta ló ń mú ìyálé òun lọ sí balùwẹ̀, ta ló ń bá a yọ egungun ẹja kúrò nínú ọbẹ̀, ta ló ń dojú rẹ̀ kọ Gábàsì bó bá fẹ́ kírun, ṣé èmi ni? Mo ní èmi kọ́. Ó ní kí n pa ohun tí mo kọ rẹ́. Bírò ni mo sì fi kọ ọ́, nítorí náà jẹ́ kó wà níbẹ̀, àmọ́ mọ̀ pé kì í ṣe òótọ́ mọ́. Méjì lè ran ara wọn lọ́wọ́. Nígbà tó rẹ ọ̀kan, èkejì ló gbà á. Ọkọ wọn gan-an ni kò kíyè sí i.

Bẹ́ẹ̀ ni ọkàn tèmi náà ṣe pín sí méjì: ṣé ká ṣì dúró dè ọ́ ni, àbí ká máa bọ̀. Lánàá, ìyá rẹ ní kí n ka lẹ́tà rẹ fún òun láti òkè délẹ̀. Mo kà á. Ó ní níbo lo ti béèrè òun. Mo wá a títí, mo rí i nísàlẹ̀ pátápátá níbi tí o ti kọ pé ẹ bá mi kí Màámi. Ó ní kò burú. Ọmọ́níyì wà níbẹ̀, ó wá di iṣu sọ́kọ̀, ni ìyá rẹ bá bi í pé báwo ni ilé rẹ ṣe jìnnà sí ọjà Bódìjà tó. Ọmọ́níyì ní ẹ̀yìn ọjà náà ni, pé bí òun bá ń já iṣu, òun máa ń rí aṣọ tí Mutmainah sá. Ìyá rẹ ní ìgbà mélòó ló ń lọ. Ọmọ́níyì ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ni ìyá rẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Àlàó, ó dùn mí wọra. Oṣù mẹ́jọ la ti ń dúró dè ọ́! Èmi tí mò ń ní kó dúró de ọkọ̀ ọlọ́lá ni mo jẹ̀bi jù.

Nítorí náà, mo ti bá ọ yan ọkọ̀. Dísẹ́ẹ̀lì ni. Ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ yìí, bí Ọlọ́run bá fẹ́, ìyá rẹ àti Àbẹ̀ḿbí yóò jókòó síwájú lọ́dọ̀ Ọmọ́níyì, èmi yóò wà lẹ́yìn lórí iṣu. Òun náà ni mo fi lẹ́tà yìí rán, ó ní lọ́la ni òun máa tì í sábẹ́ ilẹ̀kùn rẹ. Kí o dúró dè wá níbi tí wọ́n ti ń já iṣu. Má gbé ọkọ̀ wá, má sì yá ọkọ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹsẹ̀ ni kí o fi rìn wá, kí o lè di ìyá rẹ mú sọ̀kalẹ̀, torí ọkọ̀ náà ga.

Kí o mú owó káàdì ilé ìwòsàn àti ti iṣẹ́ abẹ dání nínú èyí tí o fẹ́ fi ra ọkọ̀. Bó bá ṣẹ́ kù, ra bàtà kan fún Àbẹ̀ḿbí, mo jẹ ẹ́ ní ẹ̀bẹ̀. Ọlọ́run yóò fún ọ ní ọkọ̀ tí yóò máa gbé ọ wálé. Àwọn ọmọ rẹ ò ní fi ọ́ sílẹ̀ de ohunkóhun. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Gbádérọ̀.

Ìyá rẹ ní kí n fi èyí kún un: lọ́jọ́ tí wọ́n bá tú aṣọ kúrò lójú òun, ìwọ ni kí o dúró síwájú òun. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má kọ́kọ́ fi ọkọ̀ han òun.