Ọdún Kan Péré fún Mabry

Ọjọ́ Ajé, 25 Oṣù Kejì

Yìnyín láti àárọ̀. Ọdún kọkànlá mi rèé ní Toledo, ìpínlẹ̀ Ohio, ara mi ò tíì gbà pé ibí là ń gbé. Ọmọ Alabama ni mí. Ẹni tó ní kí n wá sétí adágún Erie wá máa kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ gbé bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà sáré, Ọlọ́run á dá a lẹ́jọ́.

Oníkọ́kọ́rọ́ pè mí. (Garrett Lindqvist ló ń jẹ́. Òun ló ń pinnu ẹni tó máa wọ ẹgbẹ́ Atukọ̀ àti ẹni tó máa jáde, ni mo ṣe sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀. Inú ìwé yìí nìkan o.) Kò tiẹ̀ ní kí n jókòó. Ó ní ọ̀rọ̀ Mabry ni. Tí Mabry bá ṣì wà lọ́wọ́ wa di Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàlá oṣù tó ń bọ̀, mílíọ̀nù mọ́kànlá dọ́là ti di tiẹ̀ nìyẹn, ká lò ó, ká má lò ó. Agbébọ́ọ̀lù-sáré ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n! Nínú iṣẹ́ tiwa, ẹni tó bá ti lé lọ́gbọ̀n, bàbá arúgbó ni. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ. Ọjọ́ Ajé tó ṣáájú ọjọ́ yẹn, ẹ wá sọ fún wa: ká mú un, àbí ká fi í sílẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ bá sọ la máa ṣe."

Kí ló dé tó jẹ́ èmi? Ọdún méje ni mo ti ń kọ́ Cortland Mabry. Ìjì ni mo ń pè é. Mi ò bí ọmọkùnrin.

Mo lọ dúró nínú pápá kí n tó lọ sílé. Yìnyín ti bo gbogbo ìlà, èèyàn ò mọ ibi tí pápá ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Mo ń rí i tó ń sáré. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 26 Oṣù Kejì

Mo lá àlá. Ìjì ń sáré lórí adágún tó ti dì. Kò sẹ́ni tó ń lé e. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò dún.

Ọjọ́bọ̀, 28 Oṣù Kejì

Mo ti mọ ohun tí mo máa sọ. Ká mú un.

Lóòótọ́, ẹsẹ̀ ti wúwo. Afọ́jú gan-an mọ̀. Àlàfo tó máa ń gbà kọjá lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ó ti ń pa dé mọ́ ọn lójú báyìí. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kọ́ ni mo fẹ́ kí wọ́n sanwó fún. Orí ni. Brody Haas, ajubọ́ọ̀lù wa, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, ọmọ àgbẹ̀ láti Iowa — Àgbàdo ni mo ń pè é níbí — apá rẹ̀ le, ó lè ju bọ́ọ̀lù láti ibí dé Canada. Àmọ́ kò tíì mọ ibi tí àwọn alátakò máa gbà yọ sí i. Mabry ló mọ̀ ọ́n. Kí bọ́ọ̀lù tó gbéra, á sún mọ́ Àgbàdo, á fọwọ́ kàn án níbàdí, wọ́n á forí korí, ọ̀rọ̀ bíi méjì, kálukú á lọ dúró sáyè rẹ̀. Ẹni tó bá ya bo Àgbàdo, Mabry á fi àyà dá a dúró. Àgbà kì í wà lọ́jà, kórí ọmọ tuntun wọ́. Àwọn oníròyìn pàápàá ti sọ ọ́ ní Olùkọ́.

Mo pàdé Oníkọ́kọ́rọ́ lẹ́nu ọ̀nà ilé oúnjẹ. Ó ní, "Ẹ̀yin àti Mabry yín! Ṣé ẹ ti ń kọ ìwáàsù?" Mo ní mo ti dé ibi àmín. Ó rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe èèyàn burúkú, ó kàn fẹ́ràn ìṣirò ju èèyàn lọ ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 2 Oṣù Kẹta

Ìjì wá kí mi. Renita ìyàwó rẹ̀ ló wa ọkọ̀, ọmọ wọn, Nadine, wà lẹ́yìn. Ó yà mí lẹ́nu díẹ̀. Ọkùnrin tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ọkọ̀ òun.

Mo dín ẹja, mo se ẹ̀wà pupa sí ìrẹsì bí ìyá mi ṣe máa ń sè é. Ó jẹ àwo mẹ́ta. Nadine sùn sí i láyà, ọwọ́ ọmọ náà há sínú irùngbọ̀n rẹ̀. Ìjì béèrè ìgbà tí ìpàdé máa jẹ́, mo sọ fún un. Ó ní, "Kóòṣì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ ọ́ o. Ọdún kan péré. Mi ò béèrè méjì." Mo ní ṣé owó ni, àbí èyí tó ní kò tíì tó o? Ó ní kì í ṣe owó. Nadine pé ọdún mẹ́ta ní oṣù Kẹsàn-án tó kọjá. Ọmọ ọdún mẹ́ta kì í rántí nǹkan. Ọmọ ọdún mẹ́rin máa ń rántí. "Mo fẹ́ kó dàgbà tán, kó ṣì máa rántí pé òun rí mi níbi tí mo ti ń sáré." Ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun. Renita ń wo fèrèsé.

Kí n tó mọ̀, mo ti ṣèlérí. Ẹnu mi yìí!

Kó tó wọ ọkọ̀, ó tún béèrè ìgbà tí ìpàdé máa jẹ́.

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kẹta

Yàrá fíìmù. Mo pa iná, mo ń wo ìdíje ọdún tó kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ohùn nínú fíìmù tiwa, òkè lọ́hùn-ún ni wọ́n ti ń yà á. Àwọn èèyàn kéékèèké ń ṣubú, wọ́n ń dìde, wọ́n tún ń ṣubú. Téèyàn bá wò ó pẹ́, á máa ṣe é bíi pé abẹ́ omi ni gbogbo wọn wà. Mo sùn lọ. Nígbà tí mo jí, Ìjì ṣì ń sáré.

Mo ń ṣa gbogbo ibi tó ti fọwọ́ kan ìbàdí Àgbàdo jọ. Wọ́n ti pé mọ́kànlélógójì. Ẹ̀rí rèé. Kí Oníkọ́kọ́rọ́ wá gbé ìṣirò tiẹ̀ jáde.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5 Oṣù Kẹta

Ìkùukùu bo adágún, ó bo òpópónà. Mi ò rí ilé iwájú mi. Ó tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́rú, 6 Oṣù Kẹta

Mi ò mọ bí mo ṣe máa kọ èyí.

Fíìmù tòkè ò fojú ẹnikẹ́ni hàn. Mo sì fẹ́ kí wọ́n rí ojú Olùkọ́ níbi tó ti ń kọ́ ọmọ. Ni mo bá lọ tọrọ èyí tí àwọn onítẹlifíṣọ̀n yà láti ẹ̀gbẹ́ pápá. Mo fi sí i. Mabry sún mọ́ Àgbàdo. Ó fọwọ́ kàn án níbàdí. Ẹnu rẹ̀ ò mì.

Ẹnu Àgbàdo ló ń mì.

Mo dá a padà. Mo tún wò ó. Mabry á fọwọ́ kàn án, á dẹ etí sílẹ̀. Àgbàdo á sọ nǹkan fún un. Mabry á mi orí. Níbì kan, Àgbàdo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó wá fọwọ́ tì í sápá òsì, jẹ́jẹ́, bí èèyàn ṣe ń ti arúgbó sọ́nà ilé. Ọmọdé ló ń darí àgbà! Gbogbo wa kàn jókòó, à ń pàtẹ́wọ́ fún ẹni tí kì í ṣe olùkọ́.

Mo wá ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Títí oṣù Kọkànlá fi parí, ẹnu Mabry ló ń mì. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá: alátakò kan ya bo Àgbàdo láti ẹ̀yìn, Mabry ki orí bọ àárín wọn. Akoto gbá akoto. Mo rántí ọjọ́ yẹn. Ó dìde, ó ní kò sí nǹkan, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní kó padà. Èmi náà ni mo gbá a lẹ́yìn pé ọkùnrin ni. Láti ọjọ́ yẹn, ẹnu rẹ̀ ò mì mọ́.

Ojú mi wà níbẹ̀ lójoojúmọ́. Kí ni mò ń wò?

Ọjọ́bọ̀, 7 Oṣù Kẹta

Mi ò lọ síbi iṣẹ́. Mo ní ara mi ò yá. Kì í ṣe irọ́ pátápátá.

Ọjọ́ Ẹtì, 8 Oṣù Kẹta

Mo pe Àgbàdo. Ó wà lóko bàbá rẹ̀ ní Iowa, mò ń gbọ́ màlúù lẹ́yìn rẹ̀. Mo ní, "Brody, kí ni Mabry máa ń sọ fún ẹ kí bọ́ọ̀lù tó gbéra?" Ó ní ó máa ń kìlọ̀ fún òun ni. Mo ní, "Mo ti wo ẹnu yín méjèèjì." Mo gbọ́ tó rìn kúrò lọ́dọ̀ àwọn màlúù. Ó ní Mabry ló bẹ òun. Tí wọ́n bá ti pe orúkọ ètò tá a fẹ́ gbá, kó tó rìn dé àyè rẹ̀, ó ti fò lọ lórí rẹ̀. "Ó ní kí n ṣáà ti sọ ọ̀tún tàbí òsì fóun, pé ara òun mọ ìyókù. Kóòṣì, orí tèmi ni wọ́n fẹ́ gbá lọ́jọ́ yẹn, òun ló fi tiẹ̀ dí i. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Kí n lọ fẹjọ́ rẹ̀ sùn?"

Mo ní kó bá mi kí àwọn òbí rẹ̀. Àgbàyà ni mí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9 Oṣù Kẹta

Mo rìn létí adágún títí ẹsẹ̀ mi ò fi mọ̀ pé òun ń rìn mọ́. Omi dídì náà ti ń là, ó ń kùn lábẹ́lẹ̀.

Tí mo bá ní ká mú un — wọ́n á máa gbá orí yẹn títí di oṣù Kìíní ọdún tó ń bọ̀. Tí mo bá ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ti tán — wọ́n á fi í sílẹ̀, ẹgbẹ́ mìíràn á mú un lówó pọ́ọ́kú, àwọn náà á gbá orí rẹ̀, kò sì ní sí Àgbàdo níbẹ̀ tó máa sọ ọ̀tún tàbí òsì. Tí mo bá sọ òótọ́, gbogbo ilẹ̀kùn á tì mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan náà, èmi tó ń pè ní bàbá ni mo tì í. Mo sì ti ṣèlérí o. Lójú ọmọ rẹ̀.

Nadine á pé mẹ́rin. Á rántí. Kí ló máa rántí?

Ọjọ́ Àìkú, 10 Oṣù Kẹta

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Mo wakọ̀ lọ sílé wọn lẹ́yìn ìsìn. Òun àti Nadine wà lẹ́yìnkùlé nínú yìnyín tó kù, wọ́n ń yí bọ́ọ̀lù síra wọn. Ó gbá mi mọ́ra. Mo sọ orúkọ ètò kan fún un, "Afárá Mẹ́ta", tá a ti ń lò láti ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀; àìmọye ìgbà ló ti fi gbé bọ́ọ̀lù dé òpin pápá. Mo ní, "Níbo lò ń lọ?" Ó ní, "Kóòṣì, ẹ má fi mí ṣeré." Mo ní, níbo? Ó wo ọ̀tún. Ó wò mí. Ó wo òsì. Ojú rẹ̀ wá lọ jìnnà, ibi tí mi ò lè bá a dé.

Inú bí i. "Ẹ̀yin náà! Ẹ̀yin tí mo pè ní bàbá!" Ó ní kí n jáde nílé òun. Mi ò tíì dé ìdí ọkọ̀ tó fi sáré bá mi, sáré o, ó ṣì dùn ún wò, ó di apá mi mú. Òun á máa kọ orúkọ ètò sọ́wọ́. Òun á gba ìdajì owó. Òun á gbá a lọ́fẹ̀ẹ́. "Ẹ ní ẹsẹ̀ ni, Kóòṣì. Ẹ ṣáà ní ẹsẹ̀ ni, kí n lè wá ibòmíì lọ." Nadine ń pè é pé kó wá yí bọ́ọ̀lù.

Renita sìn mí. Ó ní ó ti di oṣù mẹ́ta tóun ti gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti sọnù lẹ́ẹ̀mejì lọ́nà ilé ìtajà tí kò ju máìlì kan lọ. "Ó mú mi búra pé mi ò ní sọ. Mo wá ń retí pé kí ẹlòmíì ṣáà rí i. Kóòṣì, ẹ mà pẹ́ o."

Ó dùn mí wọnú egungun.

Ọjọ́ Ajé, 11 Oṣù Kẹta

Mo sọ ọ́. Gbogbo rẹ̀. Mo fi ẹnu méjèèjì hàn wọ́n nínú fíìmù. Oníkọ́kọ́rọ́ yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún nù ún. Ó ní, "Mo rò pé ẹ máa wá bẹ̀ wá ni." Mo ní ìwáàsù yẹn ṣì wà lápò mi.

Wọ́n á fi í sílẹ̀. Wọ́n á kọ ìdí rẹ̀ síwèé fún àwọn dókítà, kò ní sí ẹgbẹ́ tó máa tún gbà á. Ìtọ́jú rẹ̀ wà lọ́rùn ẹgbẹ́. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí èmi sọ fún un. Kò sẹ́ni tó bá mi du ú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12 Oṣù Kẹta

Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni mo pè é. Mi ò fi ọ̀rọ̀ bo ọ̀rọ̀. Mo ní èmi ni mo sọ fún wọn, pé orí ni mo sọ, kì í ṣe ẹsẹ̀, pé ó ti parí. Ó wá bú sẹ́kún. Ọdún méje, mi ò gbọ́ ẹkún rẹ̀ rí. Èmi náà sun tèmi. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ó dáa tó jẹ́ ẹnu yín ni mo ti gbọ́ ọ. Tó bá jẹ́ ẹlòmíì ni, mi ò ní gbà." Ó ní, "Mo ti dárí jì yín, Kóòṣì."

Mo sùn lọ́sàn-án. Mi ò lá àlá kankan. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí mo ti sùn báyẹn.

Ọjọ́rú, 13 Oṣù Kẹta

Aago mẹ́jọ àárọ̀. Oòrùn yọ, omi ń kán látorí òrùlé. Fóònù dún. Ìjì ni. Ohùn rẹ̀ mọ́ gaara, ó ń bá ọmọ rẹ̀ ṣeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Kóòṣì, òní lòní o! Àtàná ni mo ti ń retí ìpè yín. Ṣé ẹ bá mi sọ ọ́?"

Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn. Mo ní, "Mo sọ ọ́, Cortland." Mo sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: pé èmi ni mo sọ fún wọn, pé orí ni mo sọ, kì í ṣe ẹsẹ̀, pé ó ti parí.

Mo ń retí ọ̀rọ̀ tó sọ lánàá.

Lọ́tẹ̀ yìí, kò dárí jì mí.