Odi Nìkan Kò Tó Mọ́

"Wọ́n ti ba géèmù yìí jẹ́! Ẹni tó bá ní apá kejì yìí dùn, kò jagun rí!"

Ẹ̀gbọ́n mi, gbogbo àdúgbò ló gbọ́ igbe yín láàárọ̀ yìí, kí ẹ tó fìbínú wọ balùwẹ̀ lọ. Mo fi ìwé yìí sílẹ̀ fún yín, mo ti ń lọ síbi ìdíje géèmù náà. Oúnjẹ yín wà nínú ìkòkò, ẹ gbé e kaná.

Ó dun èmi náà pé wọ́n yọ orin àtijọ́ nínú apá kejì. Gẹrígẹrí tó ń gẹ irun fún wa búra pé òun ò ní fọwọ́ kàn án, télọ̀ àdúgbò ní kò sírú ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú apá tuntun yìí, ọmọ ogun ti ń jẹun báyìí! Ẹ̀yin ṣáà ń mọ odi bíi tàtẹ̀yìnwá, ẹ ò dá oko kankan.

A ti jọ sọ ọ́ pé ẹni tó bá borí nílé ni yóò ṣáájú wa lónìí. A ò sì dá ogun dúró nítorí ìwẹ̀ rí, mo ń bá a lọ nígbà tí ẹ ń wẹ̀. Ẹ máa bọ̀ lẹ́yìn mi.

Ẹ wo tẹlifíṣọ̀n. Mo dí ọ̀nà oúnjẹ ìlú yín. Ebi lé àwọn ọmọ ogun yín dé ẹnubodè, àwọn fúnra wọn ló ṣílẹ̀kùn fún mi. Ọba yín ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú àbúrò yín.