Igbá Omi Ìyá Pópò

Bàbá mi àtàtà,

Ìyá Pópò wá kí yín nílé wa ní Lomé lánàá. Wọn kò mọ̀ pé ẹ ti kú.

Ìyá arúgbó yẹn náà ni, tó gbà wá sílé lọ́dún tó kọjá, nígbà tí ìyanṣẹ́lódì ti ọjà Adawlato pa, tí ìbọn ń dún, tí èrò Lomé ń sá gba ẹnubodè lọ. Oògùn kíndìnrín tí ẹ ń lò kò jẹ́ kí ara yín lè bá àìsàn jà mọ́. Dókítà yín ní Djidjolé ti kìlọ̀ fún wa kí a tó gbéra: omi sísè nìkan ni kí ẹ máa mu, oúnjẹ gbígbóná ni kí ẹ máa jẹ, kí oògùn wà lára yín, kó má sí nínú ẹrù. Wọ́n tiẹ̀ kọ ìwé tí a fi han àwọn aṣọ́bodè, kí wọ́n má baà gún yín ní abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, torí ó lè ṣe irú ara yín ní ìjàǹbá.

Ẹ pa gbogbo rẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń nu ẹnu tẹ́mọ́ọ̀sì yín lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó dé e! Àmọ́ oòrùn mú ní ẹnubodè Hillacondji, àwọn ọmọ ọlọ́mọ ń sunkún òùngbẹ, ẹ sì ń bu omi yín fún wọn títí ó fi tán. Bàbá, kí ló dé tí ẹ kò ṣẹ́ díẹ̀ kù?

Bí a ṣe dé Pópò, lódìkejì ẹnubodè, ìyá gbé igbá omi fún yín kí wọ́n tó béèrè ohun tó gbé wa wá, bí a ti ń ṣe é lágbègbè wa. Ẹ wò mí. Ta ló lè kọ omi lọ́wọ́ àgbà tó ṣílẹ̀kùn fún àlejò tí kò mọ̀ rí? Ẹ fọwọ́ méjèèjì gbà á, ẹ mu ún.

Èmi náà mu níbẹ̀, kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ní tiyín, inú rírun tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn náà kò dá mọ́. Ẹ ń fi aṣọ bo ẹnu kí ìyá má baà gbọ́ ìkérora yín. Kútọnu ni mo gbé yín lọ, ibẹ̀ lẹ sùn sí. Ẹ máa ń sọ pé omi kò lọ́tàá. Etí mi kò gba òwe yẹn mọ́.

Inú bí mi sí ìyá yìí gan-an, bàbá. Mo kórìíra igbá wọn. Lánàá, wọ́n gbé ẹja gbígbẹ wá fún yín, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń wojú ọ̀nà yàrá yín. Nígbà tí mo sọ fún wọn pé ẹ ti lọ, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n ń bi mí bóyá àwọn kò tọ́jú yín tó.

Mo ní kíndìnrín ni. Mo ní omi wọn ni ohun àkọ́kọ́ tó tù yín lára lọ́jọ́ náà. Ṣé irọ́ ni mo pa?

Lẹ́yìn náà mo gbé omi fún wọn. Omi sísè ni. Inú tẹ́mọ́ọ̀sì yín ni mo ti bù ú, mo nu ẹnu rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó dé e.

Ó dàárọ̀ o, bàbá mi.

Èmi ọmọ yín, tó ṣì ń se omi yín ní gbogbo òwúrọ̀.